Àádọ́rùn-ún Ọjọ́ Láìsí Físà: Bí Ẹnubodè Ṣe Ń Ya Tọkọtaya, láti Ìjàgbó dé Gánà

Ní ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, orílẹ̀-èdè Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú àjọ ECOWAS. Àwọn olóṣèlú ń jiyàn nípa ìjọba ológun, nípa ilẹ̀ Faransé, àti nípa ẹni tó jẹ̀bi. Ní ìlú bíi Ìjàgbó tó fara ti Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwárà, níbi tí ó ti ṣòro láti rí agbo ilé tí kò ní ọmọ lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ tó ń jẹ ìdílé lógún kéré ju ìyẹn lọ, ó sì tún wúwo jù ú lọ. Ṣé ọkọ tó ń ṣòwò ní Niamey yóò ṣì lè wálé wá rí aya rẹ̀ láì gba físà? Ṣé aya tó ń múra àtilọ bá ọkọ ní Ouagadougou kò ní bá ilẹ̀kùn ní títì?

Ìdáhùn tí àjọ ECOWAS fún wa lọ́jọ́ náà gan-an fi ọkàn ẹni balẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ́kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà tó ní àmì ECOWAS lára, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa wọlé láìsí físà títí ìkéde mìíràn yóò fi wáyé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ti sọ ṣáájú, ní oṣù kejìlá ọdún 2024, pé àwọn kò ní béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ ECOWAS. Ilẹ̀kùn kò tíì tì, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tójú àwọn ìdílé wa ti rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn yóò mọ̀ pé gbólóhùn náà, “kò sí físà,” kò fìgbà kan túmọ̀ sí “ẹ lè jọ máa gbé.” Ọ̀rọ̀ àbẹ̀wò ni físà. Ọ̀rọ̀ ìgbé ni ìgbéyàwó. Inú àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n ti tú ọ̀pọ̀ ilé ká, ìtàn àlàfo náà ni mo sì fẹ́ sọ.

Ìjàgbó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, Ọ̀fà sì ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, àmọ́ àlejò tó bá ń kọjá lọ lè má mọ ibi tí ọ̀kan ti parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá bá Ọ̀fà kì í ṣàì kan Ìjàgbó. Nígbà tí Ọ̀fà ṣubú lọ́wọ́ Ìlọrin ní 1890, jìnnìjìnnì bo gbogbo agbègbè Ìbọ̀lọ́, èèyàn sì fọ́n ká. Lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897 ni ọ̀nà ìpadàbọ̀ tó ṣí gbayawu. Kò pẹ́ sí i ni reluwé dé. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà kọjá, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Láàárín ogún ọdún péré, àwọn èèyàn tí ogun lé kúrò nílé rí irin tó lè gbé wọn dé Èkó tàbí dé òkè Ọya. Kò yà mí lẹ́nu pé ìran tó tẹ̀ lé wọn kò bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn.

Ọ̀nà Gánà ti wà ṣáájú irin yẹn. Ẹsẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Yorùbá kọ́kọ́ fi ń rìn ín. Wọ́n á gba ilẹ̀ Bàrúbá, wọ́n á gba Nikki àti Djougou, wọ́n á dé Sansanné-Mango, wọ́n á dé Yendi, títí dé ọjà Salaga níbi tí wọ́n ti ń ra obì. Aṣọ tí wọ́n hun nílé wà lára ẹrù tí wọ́n ń rù lọ. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù dé, ìrìn oṣù di ìrìn ọjọ́, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Èjìgbò, Ìnísà àti Ṣakí sì kún ọjà Kumasi, Tamale, Yendi àti Bawku. J. S. Eades, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ odindi ìwé lórí àwọn Yorùbá àríwá Gánà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1993. Ẹni tó bá ka ìwé náà yóò rí i pé, yàtọ̀ sí owó, okùn ẹbí ló gbé òwò náà ró. Ẹ̀gbọ́n á pe àbúrò, àbúrò á pe ọmọ ilé, ọmọ ilé á pe ìyàwó.

Báyìí ni ìgbéyàwó ṣe máa ń rìn nínú ètò náà. Ọkùnrin ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, tí yóò máa bá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ tajà. Bó bá ti dá dúró, yóò ránṣẹ́ sílé pé òun tó aya á fẹ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí yóò wá ìyàwó, wọn yóò ṣe ìdána, ó sì lè jẹ́ fọ́tò ọkọ nìkan ni ìyàwó yóò rí kí ó tó gbéra. Bí ẹnìkan nínú ilé bá ti ń padà sí Gánà lẹ́yìn ọdún Iléyá tàbí Kérésì, wọn yóò fa ìyàwó lé e lọ́wọ́. Bó bá dé ọ̀hún, kì í pẹ́ tí yóò fi ní àtẹ ọjà tirẹ̀, tí owó rẹ̀ yóò sì yàtọ̀ sí ti ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bá bí lè padà wálé wá gbé lọ́dọ̀ ìyá-ìyá tàbí ìyá-bàbá rẹ̀. Nígbà mìíràn ọkọ yóò wà ní Tamale, ìyàwó àgbà yóò wà nílé, ìyàwó kékeré yóò wà lọ́dọ̀ ọkọ, lẹ́tà àti owó yóò sì máa lọ máa bọ̀ lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò. Ìfẹ́ ọ̀nà jíjìn tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní rò pé fóònù ló dá sílẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ìyá wa rárá.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè físà lọ́wọ́ ìyàwó náà? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé abẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà àti Gold Coast jọ wà. Láti 1912 ni wọ́n ti dá àjọ owó kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, débi pé pọ́n-ùn tí aya ń ná ní Ọ̀fà náà ni ọkọ ń ná ní Kumasi. Lóòótọ́, ilẹ̀ Faransé wà láàárín. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ti la ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ sí méjì. Ó fi Kétu sí ọwọ́ Faransé, ó fi Ìmẹ̀kọ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ìlú tí ó jọ ń jẹ́ ti Alákétu ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn amúnisìn kò ní aṣọ́bodè tó láti dí gbogbo ọ̀nà oko. Owó orí àti ẹrù òwò ló ká wọn lára ju ìyàwó tó ń lọ bá ọkọ lọ.

Òmìnira ló mú ẹnubodè le. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yìí kò dùn létí, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí. Gánà gba òmìnira ní 1957, ó sì ná owó tirẹ̀ láti 1958. Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó tirẹ̀ ní 1959, ó sì gba òmìnira ní 1960. Lójijì, èèyàn tó ti ń gbé Tamale fún ogún ọdún di àjèjì láìjẹ́ pé ó ṣí ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Ní 1963 Gánà ṣe òfin àwọn àjèjì, tó sọ pé kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú gba ìwé ìgbélùú. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa kò gbà á. Ta ni yóò lọ gba ìwé kí ó tó lè sùn nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́?

Ìdáhùn dé ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969. Ìjọba Ọ̀jọ̀gbọ́n Kofi Busia, tí kò tíì lo oṣù méjì lórí oyè, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tàbí kí ó jáde kúrò ní Gánà. Ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ni gbèdéke. Àìríṣẹ́ṣe ti gbilẹ̀ ní Gánà, gbèsè wà lọ́rùn ìjọba, àwọn ọmọ ìlú sì ń wo àtẹ ọjà tó wà lọ́wọ́ àjèjì pẹ̀lú ìbínú. Ohun tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Busia fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti jẹ́ àjèjì. Ó ti sá kúrò nílé nítorí Nkrumah, ó sì gbé òkè òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní 1966.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù yóò ta ọjà rẹ̀ ní ìtàkútà, torí gbogbo ẹni tó ń rà mọ̀ pé kò lè dúró de iye tó dára. Ẹni tó kọ́ ilé yóò fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè yóò fi gbèsè sílẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà nígbà náà, tí ìjọba kò sì ní àyè láti wá fi gbogbo ọkàn pàdé àwọn ọmọ tó ń padà bọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló kó wọn la Tógò àti Dahomey kọjá, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ìránṣọ àti àwọn ọmọ tó jẹ́ pé èdè Gánà dùn lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ.

Àwọn òǹkọ̀wé ti kọ púpọ̀ nípa ọjà tó pàdánù. Èyí tó pa mọ́ sínú ilé ni wọ́n kọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Ọkọ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ ọmọ Gánà ní láti yàn láàárín ọjọ́ mélòó kan bóyá aya yóò tẹ̀ lé òun lọ sí ìlú tí kò dé rí, kí ó wá máa gbé pẹ̀lú ìyàwó àgbà tí kò rí rí, tàbí kí ó dúró lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì máa retí ara wọn. Àwọn kan tẹ̀ lé ọkọ. Àwọn kan dúró, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá rọlẹ̀ àwọn yóò pàdé. Lára àwọn tó dúró yẹn ni ìdílé ti pín sí méjì títí láé. Ọmọ bàbá kan náà ń jẹ́ orúkọ Yorùbá níhìn-ín, ọmọ ìyá rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Gánà lọ́hùn-ún. Títí di òní, ní agbègbè Ọ̀fà àti Ìjàgbó, èèyàn kì í ṣàì gbọ́ “Baba Kumasi,” “Ìyá Gánà” tàbí “Baba Tamale” nínú orúkọ àgbàlagbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà ti padà wálé láti àádọ́ta ọdún ó lé.

Àwọn olórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí i pé irú nǹkan báyìí kò lè máa ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon àti Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ló ṣaájú akitiyan tó bí ECOWAS. Ìlú Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 1975. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1979, ní Dakar, wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹn àdéhùn ìrìn fàlàlà, ìgbélùú àti ìdásílẹ̀ iṣẹ́. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n là sílẹ̀. Èkíní ni pé kí ọmọ ECOWAS tó ní ìwé ìrìnnà tó péye àti káàdì àjẹsára wọ orílẹ̀-èdè mìíràn láìsí físà, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀. Èkejì ni ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ láti dá òwò tàbí iléeṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi ọdún márùn-ún márùn-ún sí ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, gbogbo rẹ̀ yóò ti pé.

Èkíní nìkan ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ kíákíá, inú àlàfo tó wà láàárín èkíní àti èkejì sì ni Nàìjíríà gbà wọlé ní 1983. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún náà, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà ìjọba Shagari, kéde pé kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde kí oṣù náà tó parí. Àwáwí ìjọba lágbára lójú òfin. Ẹ wọlé láìsí físà lóòótọ́, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni a fún yín, ẹ sì ti lo ọdún mẹ́ta. Iye tí àwọn òpìtàn sábà máa ń dárúkọ fún àwọn tó jáde súnmọ́ mílíọ̀nù méjì, ọmọ Gánà sì pọ̀ jù lọ nínú wọn. Gánà ti ti ẹnubodè tirẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, Benin náà kò fẹ́ kí èrò há mọ́ òun lọ́wọ́, débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sun ojú títì kí Rawlings tó ṣí ẹnubodè ní ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní. Báàgì onílà tí wọ́n kó ẹrù sí là ń pè ní “Ghana Must Go” títí di òní. A ń fi orúkọ náà ṣe àwàdà lọ́jà. Ọmọ Gánà tó bá gbọ́ ọ kì í rẹ́rìn-ín.

Ohun tí a sunkún lé lórí ní 1969 ni a fi ọwọ́ ara wa ṣe ní ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn aya tó tẹ̀ lé ọkọ wálé láti Gánà tún ń gbọ́ ariwo náà lẹ́ẹ̀kejì, láti apá kejì ẹnubodè. Ní 1984, ìjọba Ọ̀gágun Buhari ti ẹnubodè ilẹ̀ pa, wọn kò sì ṣí i padà títí di 1986, nígbà tí Babangida ti gorí àlééfà. Ní 1985 wọ́n tún lé àwọn àjèjì mìíràn jáde. Ẹni tí aya rẹ̀ wà ní Kútọnu, tí kò ju wákàtí díẹ̀ sí Èkó lọ, mọ̀ pé ìjìnnà kì í ṣe ọ̀rọ̀ máìlì nìkan.

Ọdún 1986 náà ni ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn ìgbélùú. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìwé yìí, torí àwọn èèyàn kì í sábà kà á. Orí iṣẹ́ ni wọ́n gbé e kà. Ọmọ ECOWAS ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé orílẹ̀-èdè mìíràn kí ó lè wá iṣẹ́ tó mówó wọlé, kí ó sì ṣe é. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí yìí wà fún. Ẹni tó ń lọ bá ọkọ tàbí aya, tí kò tíì ní iṣẹ́ lọ́wọ́, di ẹni tí yóò fi ara ti ìwé ẹlòmíràn, tàbí kí ó máa ka àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń kà á. Bó bá ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á jáde sí ẹnubodè tó súnmọ́ wọn jù, wọ́n á gba òǹtẹ̀ ìjáde, wọ́n á yí padà, wọ́n á gba òǹtẹ̀ ìwọlé tuntun. Wọ́n ń ṣe àlejò lọ́dọ̀ ọkọ wọn.

Côte d'Ivoire ni ibi tí èyí ti hàn jù. Àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti sọ Abidjan di ilé kejì, débi pé èèyàn ń gbọ́ Faransé ní ọjà Èjìgbò, ọkọ̀ sì ń gbéra láti ìlú náà lọ tààrà sí Abidjan. Kò sí físà láàárín ìlú méjèèjì. Síbẹ̀, láti 1990 ni ìjọba ibẹ̀ ti gbé káàdì ìgbélùú kalẹ̀ fún àjèjì. Owó ni wọ́n fi ń gbà á, ọwọ́ ọlọ́pàá sì ni èèyàn ti ń mọ iye tó jẹ́ gan-an, torí ẹni tí kò ní in lọ́wọ́ lójú pópó yóò sanwó, ẹni tó ní in náà lè rí i kí wọ́n fà á ya lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ ECOWAS ru ẹrù náà fún ọdún mẹ́tàdínlógún kí ìjọba Laurent Gbagbo tó mú un kúrò fún wọn ní 2007.

Kí a má rò pé Áfíríkà nìkan ni. Ọdún 1986 yẹn kan náà ni ìjọba Margaret Thatcher pinnu pé àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè márùn-ún kò ní lè wọ Ìlú Ọba mọ́ láì kọ́kọ́ gba físà. Nàìjíríà wà nínú wọn, Gánà wà níbẹ̀, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh sì ṣìkẹta. Láti ìgbà náà ni ìtàn tiwa àti ti ará Íńdíà ti ń rìn pọ̀ lọ́nà yìí. Àwọn tiwọn ti rí i ṣáájú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1979, olùkọ́ obìnrin kan láti Íńdíà balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Heathrow láti wá fẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Òfin ìgbà náà kò béèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ wá ṣègbéyàwó láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní kí dókítà yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó ti bá ọkùnrin pàdé rí. Nígbà tí ìwé ìròyìn The Guardian gbé e jáde, Íńdíà gbaná jẹ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fòpin sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn kò nílò físà. Ó ṣì ní láti fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ ni ìfẹ́ òun.

Lóde òní owó ni ẹ̀rí. Láti 2012 ni ọmọ Ìlú Ọba tàbí ẹni tó ti gba ìwé ìgbélùú ayérayé níbẹ̀ ti gbọ́dọ̀ máa pa £18,600 lọ́dún kí ó tó lè mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá láti ilẹ̀ bíi Nàìjíríà tàbí Íńdíà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 wọ́n gbé e dé £29,000. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, wọ́n ti kọ́kọ́ fòfin de ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka oyè ìjìnlẹ̀ kejì pé kí wọ́n má mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù kẹta, ó kan àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ẹni tó bá mọ ìdílé tí ìyàwó lọ ṣe ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba, tí ọkọ àti ọmọ wà nílé, kò nílò kí n ṣàlàyé.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ẹnubodè yà fi ń wá ibi kẹta. Ará Íńdíà lè wọ Nepal láìsí físà, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn 1950 ti sọ ọ́. Ní ìparí ọdún 2023 ni Thailand àti Malaysia náà ṣílẹ̀kùn fún wọn láìsí físà, débi pé ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà nígbà náà lè ní kí àwọn méjèèjì pàdé ní Bangkok. Àwa náà ní irú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà rò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà wọ Senegal láìsí físà nítorí ECOWAS. Ọmọ Amẹ́ríkà àti ọmọ Ìlú Ọba náà wọ Senegal láìsí físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọkọ tó ti gba ìwé ọmọ ìlú ní Houston àti ìyàwó tí iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba kò tíì dá lóhùn ní Èkó lè fojú kan ara wọn ní Dakar, kí iná físà tó jò tán. Dakar kò ní sọ wọ́n di olùgbé ibì kankan. Ó kàn ń jẹ́ kí wọ́n rí ojú ara wọn, ìyẹn sì tó nǹkan fún ẹni tó ti ń fi fóònù ṣe ọkọ láti ọdún mẹ́ta.

Ní ti ọ̀nà ilẹ̀, ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún ẹni tó bá bi mí kò pọ̀. Má ṣe gba ọ̀nà ẹ̀bùrú nítorí pé o mọ̀ pé kò sí físà. Láìsí òǹtẹ̀ ìwọlé, kò sí ẹ̀rí ọjọ́ tí àádọ́rùn-ún ọjọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò sì ní ẹ̀rí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú bí ariwo “ẹ lé àjèjì” bá tún sọ. Láti Sèmè dé Kraké, láti Hilla-Condji wọ Tógò, láti Lomé dé Aflao, gba òǹtẹ̀ níbi gbogbo, bí wọ́n tilẹ̀ ń béèrè owó tí kò sí nínú òfin kankan. Mú káàdì àjẹsára ibà pọ́njú dání. Ní 1985 ni ECOWAS dá ìwé ìrìn-àjò tirẹ̀ sílẹ̀, tó rọrùn ju ìwé ìrìnnà lọ fún ẹni tí kò lágbára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ dúró pẹ́, wá ìwé ìgbélùú kí oṣù kẹta tó pé, má sì retí pé àánú yóò ṣiṣẹ́ níbi tí ìwé kò sí.

Ti Niger ló kù, nítorí òun la fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niamey ní oṣù keje ọdún 2023, ECOWAS ní kí a ti ẹnubodè, Nàìjíríà sì tì í. Kò sí ẹni tó yọ ẹ̀tọ́ àádọ́rùn-ún ọjọ́ kúrò nínú ìwé. Ó wà níbẹ̀ digbí. Fún oṣù méje, ẹni tí aya rẹ̀ wà ní ìhà kejì Ìlélà ní ẹ̀tọ́ láti wọlé láìsí físà, kò sì sí ẹnubodè tí yóò gbà wọlé. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí i, Niger náà ṣí tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Niger kúrò nínú ECOWAS. Ìwé ìrìnnà tó ní àmì àjọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò, kò sì sí àdéhùn ìgbélùú kankan tí orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú wa.